Inú Bí Ọ Ni àbí Ojú Tì Ọ́? Ọgbọ́n Ìmọ̀lára àti Àwọn Ọmọ Fásitì Wa

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹsidé kan ni ọmọkùnrin náà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní òpópónà Ọ̀yẹ́mẹkùn, Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń tẹ ìwé tí a sì ń ṣe fọtokọ́pì. Ó ju fáìlì rẹ̀ sórí káńtà, ó ní kí n bá òun tún orí kẹta pírójẹ́ẹ̀tì òun tẹ̀ jáde. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. "Kò sí nǹkan, Mọ́mì." Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àga bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń fi maṣíìnì ránṣọ. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tẹ nǹkan, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń tẹ òmíràn, ó sì ń mí bí ẹni tó gun òkè.

Kì í ṣe ìwà mi láti yọjú wo ohun tí ẹlòmíì ń kọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló na fóònù sí mi pé kí n bá òun wò ó bóyá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ péye. Olùkọ́ tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì náà péye. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́ sétí. Ó ní olùkọ́ náà kò mọ iṣẹ́, ó ní òun mọ̀ pé owó ló ń wá, ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n máa dá orí kẹta náà padà.

Mi ò bá a jiyàn lórí olùkọ́ náà, torí mi ò sí níbẹ̀. Mo kàn bi í pé: "Inú bí ọ ni, àbí ojú tì ọ́?"

Ó wò mí. Ó wo fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. "Ojú tì mí, mà. Iwájú gbogbo àwa tá a jọ wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti ju ìwé náà sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dẹ́kun gbígbọ̀n. Kò fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ òmíràn tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó béèrè ìgbà tí òun lè wá rí olùkọ́ náà ní òun nìkan, kó lè ṣàlàyé ibi tí orí kẹta náà ti mẹ́hẹ. Ohun tí ọmọ náà ṣe láàárín ọ̀sán ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn onímọ̀ ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣèwádìí lé lórí. Emotional intelligence ni wọ́n ń pè é. Nínú àlàyé yìí, ọgbọ́n ìmọ̀lára ni màá máa pè é.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jà ràn-ìn lásìkò yìí ni àríyànjiyàn ọjọ́ orí. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò yẹ kó wọ yunifásítì. Lára ohun tó ń sọ ni pé àwọn òbí ń ti ọmọ síwájú ju bó ṣe yẹ lọ, pé orí ọmọ lè pé ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì gbà. Ariwo ta káàkiri. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún náà, Tunji Alausa tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ti wọ́gi lé òfin ọdún 18, JAMB sì dúró lórí ọdún 16. Ní ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, nínú mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà. Àwọn kan ní ọmọ ọdún 16 kò lè dá dúró. Àwọn kan ní ọmọ àwọn ti ka ìwé tán, kí ló fẹ́ máa ṣe nílé fún ọdún méjì?

Lójú tèmi, ìhà méjèèjì fi ohun kan sílẹ̀. Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ti lé ní ọdún 22. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń dá ìtìjú mọ̀ yàtọ̀ sí ìbínú. A gbà pé ọjọ́ orí ni yóò kọ́ ọmọ, tàbí pé ìyà ni yóò kọ́ ọ. Mo mọ àgbàlagbà ọdún 60 tí ìyà jẹ dójú ẹ̀, síbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ojú bá ti tì í báyìí, èébú ló kù. Kíkọ́ ni mímọ̀. Ẹni tí wọn kò kọ́, kò ní mọ̀ ọ́n, ì báà pé ọdún 16 tàbí kó pé 61.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà kò ṣàì ní òótọ́ tirẹ̀ o. Apá iwájú ọpọlọ wa, èyí tó wà lẹ́yìn iwájú orí gan-an, tó ń bá wa dá ara dúró, tó ń bá wa ro àròjinlẹ̀ ká tó hùwà, kì í gbó tán títí èèyàn á fi wà ní nǹkan bí ọdún 25. Àwọn apá tí ń tanná ran ìmọ̀lára ti ń ṣiṣẹ́ gidi ṣáájú ìgbà náà. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ti ń sáré kí bíréèkì rẹ̀ tó pé. Gbogbo ọdún tí ọmọ ń lò ní fásitì, inú àkókò yìí ló bọ́ sí. Bí a bá wá ní ká dúró kí bíréèkì pé, a ó dúró di ọdún 25, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni pé ká kọ́ awakọ̀.

Ibo ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìmọ̀lára fúnra rẹ̀ ti wá? Ní 1990, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, kọ ìwé kan jáde nínú jọ́nà ìmọ̀, wọ́n ní bí èèyàn ṣe lè ní ọgbọ́n ìṣirò tàbí ọgbọ́n èdè, bẹ́ẹ̀ náà ló lè ní ọgbọ́n tó jẹ mọ́ ìmọ̀lára. Nígbà tó di 1997, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: kí èèyàn lè rí ìmọ̀lára lójú ara rẹ̀ àti lójú ẹlòmíràn, kó lè lo ìmọ̀lára fún ìrònú, kó mọ ibi tí ìmọ̀lára ti ń wá àti ibi tó ń lọ, kó sì lè tọ́ ọ sọ́nà. Akọ̀ròyìn kan, Daniel Goleman, ló gbé e dé etí gbogbo ayé pẹ̀lú ìwé tó ṣe ní 1995. Láti ìgbà náà ni àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń pariwo pé ọgbọ́n ìmọ̀lára ju ọgbọ́n ìwé lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbẹ̀. Mayer àti Salovey fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé wọ́n ti ń fẹ ọ̀rọ̀ náà jù.

Ohun tí ìwádìí fi hàn mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní láárí. Ní 2020, Carolyn MacCann ní Ọsirélíà àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ìwádìí tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 42,000 láti orílẹ̀-èdè 27 jọ. Wọ́n rí i pé àwọn tó ní ọgbọ́n ìmọ̀lára máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ẹ̀kọ́ wọn, kódà bí a bá yọ ti làákàyè àti iṣẹ́ àṣekára kúrò. Àlàyé tí wọ́n ṣe rọrùn láti yé ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ọmọ fásitì gbé: irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe máa bá ẹ̀rù ìdánwò lò, ó mọ bó ṣe máa fara da iṣẹ́ tó súni, ó sì ń tọ́jú àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó má bàa fọ́. Ọmọ tó ya ọ̀mùgọ̀ lórí ìwé, ọgbọ́n ìmọ̀lára nìkan kò ní sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lórí pípé, tó wá bá gbogbo èèyàn jà títí kò fi sẹ́ni tó lè yá a ní nóòtù, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló máa gbà á.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń ka nípa nǹkan wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ni ọgbọ́n inú. Mo tètè gbé e tì, torí nínú èdè wa, bí a bá ní ẹnì kan ní ọgbọ́n inú, a lè máa sọ pé ó gbọ́n féfé, a sì lè máa sọ pé ẹ̀tàn ń bẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan: pé inú ni Yorùbá ti ń wá ìmọ̀lára. Inú ni, tàbí ọkàn, tàbí àyà, tàbí ojú, tàbí ara. Kò sí ìmọ̀lára tó kàn ń fò lófuurufú lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n gbà wọlé sí ara.

Ẹ gbọ́ ọ ná. Inú bí mi. Inú mi bàjẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkàn mi pòrúurùu. Àyà mi já. Àyà ń fò mí. Ojú tì mí. Ojú ń kán mi. Ara ń ta mí. Ó ká mi lára. Ó dùn mí. Ó rẹ̀ mí. Ó sú mi. Àárò ń sọ mí. Owú ń jẹ mí. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá mi. Mo kábàámọ̀. Ẹni tó ń sọ Yorùbá mọ̀ pé kò sí méjì tó rí bákan náà nínú wọn. Ẹni tó ní ó rẹ̀ òun ń fẹ́ oorun. Ẹni tó ní ó sú òun, oorun kò lè wò ó sàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ já, ohun tó bà á lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí àyà ń fò, nǹkan náà kò tíì dé, ó lè máà dé rárá. Ẹni tí ojú ń kán kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ẹni tí ojú tì, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú kan náà ni.

Báwo ni àwọn ọmọ wa ṣe ń sọ ọ́ báyìí? Mo ń gbọ́ wọn lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń tò sí ẹ̀bá ẹ̀rọ fọtokọ́pì. "Mo wà fine." "Kò sí nǹkan." "Sapa ni." "Ìlú yìí le." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìkàrẹ́, ọmọ tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ lánàá, ọmọ tó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì, gbogbo wọn ló ń sọ ohun kan náà. Mi ò bá wọn wí nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ kan ni wọ́n fi ń pe ohun ogún. Ẹni tí kò bá sì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, kò lè mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Ẹ má rò pé àròsọ lásán nìyẹn. Ní 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA fi àwòrán ojú èèyàn tínú ń bí tàbí tẹ́rù ń bà han ọgbọ̀n èèyàn, bí ẹ̀rọ ṣe ń ya ọpọlọ wọn. Nígbà míràn wọ́n á ní kí wọ́n mú orúkọ èèyàn kan tó bá ojú náà mu, irú bí ẹni pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nígbà míràn wọ́n á ní kí wọ́n mú orúkọ ìmọ̀lára náà. Nígbà tí wọ́n bá ń mú orúkọ ìmọ̀lára, apá kékeré inú ọpọlọ tó ń ta wá lólobó ewu, tí wọ́n ń pè ní amygdala, a máa rọlẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ, bíréèkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a sì jí dìde. Wọn kò ṣe ju kí wọ́n pe orúkọ lọ. Nígbà tí mo kà á, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn lábẹ́ àga mi ni mo rántí.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi ṣe gbólóhùn asọ̀ ni ọ̀rọ̀ sùúrù. Bí mo bá ti ní ká kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n ìmọ̀lára, wọ́n á ní kí ló tún jẹ́ tuntun níbẹ̀, ṣebí sùúrù ni baba ìwà? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n sùúrù tí a ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, gbé-e-mì ni. Gbé e mì, má fèsì. Gbé e mì, ọkùnrin kì í sunkún. Gbé e mì, ṣé ìwọ nìkan ni? James Gross, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gbé e mì. Ó fi fíìmù tó ń kó èèyàn nírìíra han àwọn kan, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ohunkóhun hàn lójú wọn. Ojú wọn kò sọ nǹkan kan lóòótọ́. Ìríra inú wọn kò dínkù, ara wọn sì ń ṣiṣẹ́ kíkan ju ti àwọn tí wọ́n kàn ní kí wọ́n wo fíìmù náà lọ. Nínú ìwádìí míràn tí òun àti Jane Richards ṣe ní 2000, àwọn tí wọ́n ń gbé ìmọ̀lára mì kò rántí ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rí tó àwọn yòókù.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ jókòó nínú kíláàsì láti aago mẹ́jọ, ó ń gbé nǹkan mì, ojú rẹ̀ gbẹ, gbogbo èèyàn ń yìn ín pé ó níwà pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, kò rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Agbára tó yẹ kó fi gbọ́rọ̀, ìgbémì ló fi ṣe.

Gross fi ọ̀nà míràn wé e, ìyẹn ni kí èèyàn yí ojú tó fi ń wo nǹkan padà kí ìmọ̀lára náà tó gbalẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí, wọ́n ní kí á rò ó síhìn-ín, kí á rò ó sọ́hùn-ún. Olùkọ́ dá orí kẹta padà: ṣé ó kórìíra mi ni, àbí ó fẹ́ kó dára kí olùyẹ̀wò tí wọ́n máa gbé wá láti ìta má bàa fà á ya? Ó lè jẹ́ èyí àkọ́kọ́. Mi ò sọ pé gbogbo olùkọ́ ló dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè mú ìtumọ̀ méjì dání lẹ́ẹ̀kan náà, ìbínú rẹ̀ kì í sáré jù ú lọ. Sùúrù tó jẹ́ baba ìwà nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú, kò kàn pa ẹnu mọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí WhatsApp, torí ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ lè ní kò burú, kí ojú rẹ̀ ní ó burú, o ó sì mọ ìgbà tí o ó dáwọ́ dúró. Nínú gúrúpù kíláàsì tó ní èèyàn 180, kò sí ojú. Aṣojú kíláàsì á kọ ọ́ pé kí gbogbo ẹni tí kò tíì san owó ìwé yára san án. Ẹnì kan tó ti jẹ gàrí láti àárọ̀ á kà á bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bú. Á fèsì. Ẹlòmíì á fi àwòrán ẹ̀rín sí i, ẹni tó ń jẹ gàrí á rò pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó bá fi máa di aago kan òru, wọ́n ti bú ìyá ara wọn, wọ́n ti pín sí ọ̀nà méjì, àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ kàwé fún ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní kí ara wọn mọ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi sọ ohun tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹnu kò lé lórí. Wọn kì í fèsì ọ̀rọ̀ tó bá dun wọ́n lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì ń dùn wọ́n, wọ́n á pe ẹni náà lórí fóònù kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n lọ bá a ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ní ìdajì ìjà ló ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohùn tútù ló ń yọ obì lápò, líle ló ń yọ ọfà lápó, bẹ́ẹ̀ WhatsApp kò ní ohùn tútù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ohùn tó wà nínú ẹni tó ń kà á ló fi ń kà á.

Àwọn kan á ní ebi àti ìṣẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára sílẹ̀. Mo gbọ́. Àwọn ọmọ yìí ti rí nǹkan. Àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní 2022 jókòó sílé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU, oṣù mẹ́jọ gbáko. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti ga kọjá ohun tí owó ìnáwọ́ ọmọ lè gbé. Ó yẹ kí ìjọba dáhùn fún ìyẹn, ọgbọ́n ìmọ̀lára kò sì lè sọ gàrí di ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìnira pọ̀ ni ọmọ nílò jù láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé "ebi ń pa mí" láìjẹ́ kí ìtìjú sọ ọ́ di ìjà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àwọn tí mo tò sókè yẹn, "ó sú mi," tí mi ò lè fò kọjá. Bí ọmọ bá ní ayé ti sú òun, tàbí pé ó sàn kí òun má sí mọ́, ẹ má wàásù fún un, ẹ má sì ní àwọn kan ń jìyà jù ú lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í fi èrò ọ̀hún sí ọmọ lórí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ bá onímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ó pẹ́ tí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ti ka ìgbìyànjú àtipa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n, ìyẹn sì ń mú kí àwọn ẹbí máa fi pamọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023 ti gbé ojú míràn wá, ó gba ipò òfin àtijọ́ tí òyìnbó ṣe, tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Níbo wá ni wọ́n ti lè kọ́ ọ? Lójú mi, àyè ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀. Nínú ètò tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní ìparí 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọmọ máa kọ́ ni àjọ náà là sílẹ̀, ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá bá àyíká rẹ̀ mu sí i. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, lè lò ó fún àwọn ọmọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́ ní gúrúpù. UNIMED ní Oǹdó, tó jẹ́ pé ìṣègùn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, lè kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń ka ojú ìyá ọmọ tó ní kò sí nǹkan.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó ni ọkàn mi wà jù. Láti 1964 ni wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ níbẹ̀, kó tó wá di yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ ro ọmọ ogún ọdún tí wọ́n rán lọ ṣe tíṣìn práktíìsì. Ó wọ kíláàsì JSS2, ọgọ́ta ọmọ ló wà níbẹ̀. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè lórí pátákó, ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìtìjú ni. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ní ìtìjú, ìbínú ni yóò pè é, pàṣán ló sì máa tẹ̀lé e. Ọmọ tó jẹ pàṣán náà á kọ́ ọ pé bí ojú bá ti tini, ẹlòmíì ni kí a lù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun náà á wọ fásitì, olùkọ́ á dá orí kẹta rẹ̀ padà. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ ní Adéyẹmí láti dúró ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, kó mí, kó ní "òótọ́ ni, mo ṣì í pè, ẹ jẹ́ ká tún un pè," ọgọ́ta ọmọ ló kọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nílé ńkọ́? Àwa òbí máa ń pè wọ́n lórí fóònù. A ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, ṣé wọ́n ń lọ sí kíláàsì, ṣé wọ́n ti san owó ilé. A ó ní ṣé dáadáa ni, wọ́n á ní a dúpẹ́. A dúpẹ́ yẹn, ilẹ̀kùn ni. Kò sí ẹni tó ń kọjá rẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi fún ọdún mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìdí tó fi ń pẹ́ kó tó gbé fóònù ni pé àárò ilé ń sọ ọ́, ohùn mi sì ń jẹ́ kó pọ̀ sí i. Nísinsìnyí, bí mo bá ti kí i tán, mo máa ń fi ìkan kún un: "Ọkàn ńkọ́?" Ní àkọ́kọ́, ó fi rẹ́rìn-ín. Ó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀kẹfà kó tó dá mi lóhùn, nígbà náà a sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá ṣe fọtokọ́pì ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, ojú ìwé mọ́kànlélógún. Àpò rẹ̀ wà láyà bí ẹni tó gbé ọmọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á, mo bi í pé ṣé kò sí. Ó la ẹnu láti sọ èyí tí wọ́n máa ń sọ, ó pa á dé, ó wá ní: "Àyà ń fò mí díẹ̀, mà. Ọ̀la ni."

Mo fa àga fún un. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè kẹta sí mi létí, èyí tí kò yé e.